Awò olójú méjì tí mo rà ní Èkó: ohun tó fi hàn mí ní Fẹ́sítaàkì, àti ohun tó fi hàn mí ní Ifẹ̀

₦38,000 ni mo ra awò yìí. Ọkùnrin tó tà á pe ₦60,000, èmi náà dá a lóhùn ₦20,000, a sì ná an títí tí ọ̀fun fi gbẹ. Awò olójú méjì ni, bàìnókúlà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é. Àlòkù ni, dúdú, ó wúwo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan, wọ́n sì kọ 10×50 sí i léjìká: ìgbà mẹ́wàá ló ń fa nǹkan súnmọ́, ojú ńlá rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 50. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti họ dànù, ó ku "Japan" nìkan lábẹ́ rẹ̀. Mo ti lò ó ní Èkó, mo ti lò ó nílé, mo ti lò ó lóko, ẹnu mi wá gbà á láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Aránṣọ ni mí, ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tó bá dorí kodò sórí másíìnì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọrùn rẹ̀ á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó gbójú sókè. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìràwọ̀ nìyẹn. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì OAU ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ ra nǹkan, kí n má ra tẹlisíkóòpù, awò gbọọrọ olójú kan tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, kí n ra 10×50. Inú ọgbà tiwọn náà ni ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà nímọ̀ òfurufú wà láti 1998, mo sì máa ń rò pé gbogbo wọn níbẹ̀ á máa gbé awò ńlá kọ́rùn kiri ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wọn ń jókòó sí, àwòrán tí sátẹ́láìtì yà ni wọ́n ń tú.

Lópin oṣù kìíní 2025, àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Fẹ́sítaàkì ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá rán aṣọ ẹbí fún òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun. Léèsì funfun, èèyàn mọ́kànlélógójì. Mo lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún níbẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ẹ lè gun òkè lọ síbi táńkì omi. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gun ibẹ̀, mo ka ìràwọ̀ tí ojú mi rí, mo ka mọ́kàndínlógún. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó ń lọ. Bàálù ni. Ó ku méjìdínlógún.

Iná iwájú ilé nìkan kọ́ ló fà á. Ilé epo kan wà níkàngun àdúgbò tí gílóòbù LED rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ẹ lè fi okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ (mo ti dán an wò). Pátákó ìpolówó ọjà kan ń pààrọ̀ àwọ̀ ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Iná sólà òpópónà wà tó kọjú sí ọ̀run ju bó ṣe kọjú sí títì lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti gòkè báyìí, kì í lọ ní àlọ rámirámi. Ọ̀rinrin tó ń ti òkun àti ọ̀sà wá, eruku ọyẹ́, èéfín jẹnẹrétọ̀, àwọn ló ń dá a dúró lókè tí wọ́n á tún dá a padà sí wa lójú. Ẹ rántí bí iná mọ́tò ṣe máa ń rí nínú ọyẹ́ láàárọ̀ kùtù, tó máa ń dúró níwájú yín bí ògiri. Irú rẹ̀ ni, àmọ́ orí ìlú gbogbo ló dà á bò. Iná funfun tó ní búlúù nínú yìí sì ń fọ́n ká inú afẹ́fẹ́ ju iná pupa rẹ́súrẹ́sú àtijọ́ lọ. Lápá Àpápá àti Tin Can, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ ojú omi tọ̀sán-tòru, ojú ọ̀run pọ́n bí ìgbà tí ẹnì kan ń sun oko lókèèrè.

Mo ní tí wọ́n bá mú iná lọ, á dára. Ó tì o. Wọ́n mú un lọ tán, ìṣẹ́jú kan kò pé, jẹnẹrétọ̀ ti gba ẹnu ara wọn, iná padà, èéfín tún kún un. Àfi tí ó bá di nǹkan bí aago kan òru, tí epo ti ń tán nínú jẹnẹrétọ̀ àwọn èèyàn, ni ojú ọ̀run á tó ṣú díẹ̀.

Ọkọ àbúrò mi ti ra tẹlisíkóòpù kan fún àwọn ọmọ kí n tó dé. Páálí rẹ̀ ńlá, wọ́n ya àwòrán ìràwọ̀ aláràbarà sí i, wọ́n kọ 525 gàdàgbà sí i níwájú, pé ìgbà 525 ló ń fa nǹkan súnmọ́. Mo ṣí i, mo ka ohun tí wọ́n kọ sára àwọn ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 70, gígùn tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn nínú rẹ̀ jẹ́ 700. Ẹ pín 700 sí 4, tó jẹ́ nọ́ńbà ara gíláàsì ìfojúwò tó kéré jù tí wọ́n fi síbẹ̀, èyí tí ojú ń kàn, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po 3 pẹ̀lú gíláàsì kejì tó ń mú àwòrán tóbi sí i: 525 ló dé yẹn. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ohun tí awò tó fẹ̀ tó 70 lè gbé kí àwòrán tó di ẹ̀kọ ò ju 140 lọ. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó dúró lé ló tún burú jù: ẹ mí sí i, òṣùpá á jó. Bí ẹ bá lo gíláàsì ìfojúwò tó tóbi jù nínú páálí náà, tó fa nǹkan súnmọ́ nígbà 35, ó dára, ẹ óò rí ìlà tó wà lára pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà pàápàá. Gíláàsì dúdú kékeré kan tí wọ́n fi sí i pé kí ẹ fi wo oòrùn ni mo bínú sí. Ibi tí ojú yín máa ń kàn ni wọ́n ní kí ẹ dè é mọ́, níbi tí gbogbo ooru oòrùn ti ń pàdé. Tó bá sán, ojú lọ nìyẹn. Mo fi òkúta fọ́ ọ lójú àwọn ọmọ, bàbá wọn ò rí ìyẹn sọ.

Ìdí tí títobi ò fi ran Èkó lọ́wọ́ yé mi nídìí iṣẹ́ mi. Léèsì funfun náà ni mo ń rán, okùn funfun ni mo fi ń rán an. Bí ẹ gbé e súnmọ́ ojú tó bó ti wù kó tó, okùn á tóbi, aṣọ náà á tóbi, ẹ ò ní tìtorí ìyẹn rí okùn. Bí àwọn ohun tó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú ọ̀run ṣe rí nìyẹn, àwọn èyí tó dà bí èéfín, tó jẹ́ pé òkùnkùn ẹ̀yìn wọn la fi ń mọ̀ wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ Èkó ti kun ẹ̀yìn wọn ní funfun. Ìràwọ̀ ní tirẹ̀ dà bí ihò abẹ́rẹ́: bí ẹ fà á súnmọ́ bí ẹ ò fà á, kínńkín náà ni, ṣùgbọ́n aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ṣú sí i. Ìdí nìyí tí awò yìí fi ń rí ìràwọ̀ ní Fẹ́sítaàkì ju ojú lásán lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Òṣùpá àti Júpítà sì jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n fi okùn wúrà rán, wọ́n á hàn lórí aṣọ yòówù.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe rà á, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń ta kámẹ́rà àlòkù ni mo lọ. Mo mú tọ́ọ̀ṣì dání. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ojú ńlá awò àkọ́kọ́, mo ti ojú kékeré wò ó: nǹkan kan tẹ́ sínú gíláàsì bí òwú aláǹtakùn. Ebu ni. Ọ̀rinrin Èkó ló ń fà á, gbígbọn kì í gbọn ọ́n dànù. Mo dá a padà. Èkejì mọ́ nínú, àmọ́ nígbà tí mo wo òpó iná kan lókèèrè, òpó di méjì. Ó ti já bọ́ rí, ojú méjèèjì ò wo ibì kan náà mọ́, ẹ̀fọ́rí ni ẹni tó bá rà á máa rà. Ìkẹta ni èyí. Mo nà á síwájú mi ní ìwọ̀n apá kan, mo kọjú rẹ̀ sí òfurufú: òbìrí ìmọ́lẹ̀ méjì ló wà nínú ojú kékeré rẹ̀, wọ́n rí roboto. Bí ẹ bá rí i tí etí òbìrí yẹn dà bí ẹni pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e ní igun mẹ́rin, gíláàsì inú rẹ̀ kì í ṣe ojúlówó.

Òbìrí yẹn ló sì jẹ́ kí n mú 10×50 dípò 7×50 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 50 ni ìbú ojú rẹ̀ ní mìlímítà, 10 ni iye ìgbà tó fi ń fa nǹkan súnmọ́. Ẹ pín in, 5 ni ìbú ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sójú yín. Ẹyinjú ọ̀dọ́ lè là tó 7 nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n mo ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, tèmi kì í sábà là ju 5 lọ. 7×50 á kàn máa da ìmọ́lẹ̀ sí mi lẹ́bàá ojú lásán ni, ojú ọ̀run Èkó á sì tún funfun sí i nínú rẹ̀.

Alẹ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ni mo kọ́kọ́ gbé e gòkè. Oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, àgùàlà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ń tàn yòò. Ẹ mọ ohun táwọn àgbà sọ, pé àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Awò náà fi hàn mí pé kì í ṣe ajá ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Lópin oṣù yẹn, mo wò ó nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú tán, kí títàn rẹ̀ má baà pa mí lójú. Ó ti di bí èékánná, ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù gan-an, kékeré báyìí. Ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wò ó, ó ní, "Màmá Ifẹ̀, òṣùpá bímọ." Mo ṣàlàyé títí pé oòrùn ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ó bímọ.

Júpítà wà lókè téńté nígbà náà. Bí ẹ bá fi ìgúnpá ti odi, tí ẹ sì mí díẹ̀díẹ̀, ẹ óò rí àwọn òṣùpá rẹ̀ tó tò sórí ìlà kan bíi bọ́tìnnì. Mẹ́rin ni wọ́n, àwọn tí Galileo, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ítálì, rí ní oṣù kìíní 1610, àmọ́ lọ́jọ́ mìíràn mẹ́ta lẹ máa rí, torí ọ̀kan ti kó sẹ́yìn tàbí síwájú rẹ̀. Èkó kò lè mú ìyẹn kúrò. Ìdìpọ̀ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Pleiades, tí ojú lásán ò rí ju bí ọ̀rá tó kan gíláàsì lọ, mo ka ogún nínú rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ torí ọrùn. Èyí tí mo sọ pé ó dà bí èéfín, tó wà lábẹ́ àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò nínú ẹgbẹ́ ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Orion, àbàwọ́n kékeré kan ni ní Fẹ́sítaàkì. Ẹni tí wọn ò bá sọ fún kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ọlọ́dẹ àdúgbò ni mi ò rò tẹ́lẹ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi láti ìsàlẹ̀: "Màmá, yàrá ta lẹ ń wò níbẹ̀ yẹn?" Mo ní kó gòkè wá. Mo kọjú awò sí òṣùpá tó ku díẹ̀ kó di ààbọ̀, mo fi ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pààlà hàn án, níbi tí àwọn kòtò ti ń yọ òjìji. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ilẹ̀ ibẹ̀ ò dọ́gba." Láti ọjọ́ náà, òun ló ń bá mi gbé ẹní gòkè.

Nígbà tí mo padà sí Ifẹ̀ ní oṣù kẹta, mo rò pé òkùnkùn ń dúró dè mí. Ifẹ̀ náà ti yàtọ̀ o. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju Fẹ́sítaàkì lọ títí di ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Nílé, ní Pàràkin, ó sàn, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan gbé iná ńlá kan kọ́ tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé mi tààrà. Mo lọ bá pásítọ̀ wọn, mo mú iṣu dání, mo ní kó jọ̀ọ́ tẹ orí iná náà ba. Ó pe ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹnu ọ̀nà wọn mọ́lẹ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ẹ̀yìnkùlé mi ṣókùnkùn, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èéfín Orion yẹn ti ní ìyẹ́ méjì.

Àmọ́ ibi tí mo ti mọ ohun tí mo rà ni abà ìyá ọkọ mi, lójú ọ̀nà Ifẹ̀tẹ̀dó. Àwọn ọmọ àbúrò mi wá lo ìsinmi Àjíǹde lọ́dọ̀ mi, mo kó wọn lọ síbẹ̀ ní Sátidé, 26 oṣù kẹrin. Òṣùpá ò sí. Òjò ti rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó ti fọ eruku ọyẹ́ dànù. Mo fi ọ̀rá pupa bo tọ́ọ̀ṣì, mo so ó ní rọ́bà, torí iná funfun ìṣẹ́jú kan lè ba ohun tí ojú fi ìdajì wákàtí kọ́ jẹ́. A tẹ́ ẹní sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó. Ní gúúsù, lókè igi kòkó, àwọn ìràwọ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Àgbélébùú Gúúsù ti nàró. Lókè rẹ̀ lápá òsì, mo wá nǹkan kan kiri pẹ̀lú awò, Omega Centauri ni orúkọ rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ìràwọ̀ tó ṣù jọ. Nínú 10×50, ó dà bí òwú tí ẹ já lára tìmùtìmù, roboto, ó mọ́ láàárín, ó ń ṣá lọ létí. Mo ti gbé e ka ojú ju bó ṣe yẹ lọ, apá mi ń gbọ̀n, mi ò fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀.

Ní nǹkan bí aago kan òru, ọmọ kékeré yẹn fọwọ́ tọ́ mi. "Màmá Ifẹ̀, ẹ jẹ́ ká kó ẹní. Òjò ń bọ̀." Mo wo ibi tó nawọ́ sí. Ìkuukùu funfun gígùn kan ń gòkè láti ìlà oòrùn, ó fẹ̀, ó ní ibi tó ya láàárín. Mi ò dá a lóhùn. Mo gbé awò fún un, mo ní kó wo òjò náà dáadáa. Ó gbé e sójú. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi ojú lásán wò ó. Ó tún gbé e sójú. Ìkuukùu yẹn ti di ìràwọ̀, bíi ṣọ́ọ̀kì tó dà sórí aṣọ dúdú, kò sì sí ibi tó yí awò sí tí kò kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti sùn, ó fi ẹsẹ̀ jí i. "Kì í ṣe òjò," ni gbogbo ohun tó sọ fún un.

Mi ò ní torí ìyẹn pa àléébù awò náà mọ́. Etí òṣùpá máa ń ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀ nínú rẹ̀. Òrùka pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ̀n, ẹ gbàgbé ẹ̀, ìgbà mẹ́wàá ò tó o, ibẹ̀ ni tẹlisíkóòpù ọkọ àbúrò mi ti borí. Àgbá tí wọ́n fi ń tún ojú rẹ̀ ṣe le. Okùn ìgbékọ́rùn rẹ̀ ti jẹrà, mo fi àǹkárá onípele méjì rán òmíràn. Rọ́bà ojú òsì ti ya, mo fi rọ́bà gbọọrọ tí mo fi ń rán ìdí ṣòkòtò ọmọdé yí i ká, ó sì dúró. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n gbọ́dọ̀ sùn sílẹ̀ wò ó tàbí kó gbé e lé orí igi ìnulẹ̀. Láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án, inú ike oúnjẹ tó ní ìdérí líle ló ń gbé, pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin, tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, kí ebu má baà kọ lù ú. Ojú ọjọ́ tó dára jù fún un lọ́dọ̀ wa ni oṣù kẹrin lẹ́yìn òjò, àti oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkọkànlá, kí ọyẹ́ tó dé.

Bí ẹ bá ń gbé ní Èkó tí ẹ sì ní ₦40,000, mo ní kí ẹ rà á, kí ẹ fi wo òṣùpá, àgùàlà, Júpítà, kí ẹ sì fi owó tó kù wọ ọkọ̀. Àbúrò mi pè mí lánàá pé àwọn ọmọ ń yọ òun lẹ́nu, pé kí n fi awò náà ránṣẹ́ sí wọn. Mo ní awò ò ní wá o, kó kó àwọn ọmọ wá.